Kí Ló Ń Mú Íápíìsì Gbóná? Àgbéyẹ̀wò Èrò Tó Wọ́pọ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà

Láti Onípánù dé Ladi-Lak, láti Pedro dé etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ó ṣòro kéèyàn rí ọ̀dọ́ tí kò ní íápíìsì létí tàbí lọ́rùn. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó ní Akọka ń fi gbọ́ ẹ̀kọ́, òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ń fi sá fún ariwo ẹ̀rọ, ẹni tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland ń fi gbọ́ ìròyìn. Bí nǹkan ọ̀hún bá wá gbóná, tí olówó ẹ̀ gbé e tọ ẹni tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn lọ, ọwọ́ ẹni tó bá bọ́ sí ni èsì tí yóò gbà wà. Ẹnì kan á ní ó ń gbé ohùn sókè jù. Òmíràn á ní fóònù ló lẹ́bi. Ẹlòmíràn á ní omi ti wọ̀ ọ́, ẹnìkan á sì ní ayédèrú ni, kó lọ ra òmíràn.

Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ pátápátá nínú wọn. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé gbogbo wọn rò pé ìbéèrè kan ṣoṣo làwọn ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni. Íápíìsì lè gbóná níbi tó wọ etí, ó lè gbóná lẹ́nu tó wọ fóònù, ó sì lè gbóná nínú kéèsì tí a fi ń ṣáájì ẹ̀. Ibi tí ìgbóná ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fọwọ́ kàn kó tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Íápíìsì fúnra rẹ̀ náà yàtọ̀ síra. Èyí tí ẹnu rẹ̀ rí roboto, tó ń wọ ihò 3.5mm, wà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ rí pẹlẹbẹ wà, tó ń wọ ihò Type-C tí a fi ń ṣáájì fóònù. Aláìníwáyà tó ń lo Blúútúùtù náà wà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní pọ́ọ̀dù, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Ohun tó mú ọ̀kan gbóná lè má ní agbára kankan lórí èkejì, àìya wọ́n sọ́tọ̀ ni kò sì jẹ́ kí àríyànjiyàn náà tán.

“Ohùn ló gbé sókè jù”

Èyí ni èrò tó dàgbà jù, ibi tó sì ti wá kò fara sin. Ní àdúgbò tí wọ́n ti ń ṣe ìnáwó lójú títì lópin ọ̀sẹ̀, gbogbo èèyàn ló ti rí sípíkà ńlá tó jóná torí pé wọ́n bu iná fún un ju agbára rẹ̀ lọ. Wáyà tín-ín-rín tó lọ́ yí inú rẹ̀ á gbóná, á yọ́, sípíkà á sì dákẹ́. Ẹni tó mọ èyí kò jẹ̀bi bó bá rò pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú íápíìsì.

Ìṣirò ni kò bá a mu. Sípíkà ìnáwó ń jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún wáàtì. Ìdènà iná nínú íápíìsì oníwáyà tó wọ́pọ̀ máa ń wà láàárín 16 óòmù sí 32 óòmù, ihò roboto tó wà lára fóònù kì í sì í sábà gbé ju nǹkan bí fóòtì 1 (1V) síta, kódà bí ohùn bá dé òkè pátápátá. Lórí 32 óòmù, ìyẹn kò ju 0.03 wáàtì lọ. Lórí 16 óòmù, nǹkan bí 0.06 ni. Iná tí ihò yẹn ń fún máìkì tilẹ̀ tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára tó kéré tó yìí kò lè mú nǹkan gbóná débi tí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n.

Ibi tí èrò yìí ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀ díẹ̀ ni pọ́ọ̀dù. Ohùn gíga ń jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ tètè tán, olówó ẹ̀ á máa ṣáájì ẹ̀ lemọ́lemọ́, ìgbà tí bátìrì bá ń gba iná sì ni ìgbóná máa ń rí àyè. Yàtọ̀ sí èyí, mi ò rí ohun tó gbé èrò náà ró. Èyí ò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa gbé ohùn sókè o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn 80 dB fún 40 wákàtí láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìséwu. Ẹni tó ń fi orin bo ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ti kọjá ibẹ̀. Etí ni ìyẹn ń bà jẹ́.

“Fóònù ló ń gbóná, íápíìsì kàn ń bá a pín nínú ẹ̀ ni”

Àwọn tó di èyí mú sọ pé ẹnu íápíìsì kò dá ìgbóná kankan sílẹ̀. Irin ni, irin sì máa ń gba ooru lára ohun tó bá wọnú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ fóònù, ìsàlẹ̀ ni ihò roboto wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ṣájà, níbi tí iná ti ń wọlé gan-an. Ẹni tó ń ṣáájì, tó ń wo fídíò, tó tún ṣí hotspot fún ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà ti gbé ẹrù mẹ́ta lé fóònù kan lórí.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ní ipa tirẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í sì í ranti rẹ̀. Bí fóònù bá jìnnà sí òpó, tàbí tí ògiri tó nípọn wà láàárín wọn, ṣe ló máa ń fi agbára kún iṣẹ́ tó ń rán kí òpó lè gbọ́ ọ. Lórí 2G, agbára yẹn lè tó wáàtì 2 ní gbogbo ìgbà tó bá ń ta sí òpó. Lórí 4G, nǹkan bí 0.2 wáàtì ni òpin rẹ̀. Ìdí nìyí tí fóònù tó tutù lójú títì Ìkòròdú fi lè gbóná nínú yàrá ìtẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀ ilé alájà, láàárín òkìtì bébà àti irin, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀.

Èrò yìí dára torí pé ó ṣeé dán wò láìná kọ́bọ̀. Ẹ yọ íápíìsì, ẹ jẹ́ kí fóònù máa bá iṣẹ́ kan náà lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ṣì gbóná, íápíìsì kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi íápíìsì yẹn sí fóònù mìíràn kẹ́ ẹ tún fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Fún íápíìsì ẹnu roboto, mo gbà pé níbí ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n èrò náà kò rí nǹkan sọ nípa pọ́ọ̀dù tó ń gbóná létí nígbà tí fóònù wà nínú àpò, tó tutù nini. Ohun tó tún burú ni pé ẹni tó bá gbà á tán kì í wo inú ihò Type-C mọ́.

“Omi àti òógùn ti wọ̀ ọ́”

Èrò yìí ló yẹ kí àwọn ará Bàrígà fetí sí jù, nítorí ibi tí wọ́n ń gbé. Ìlàjẹ wà létí ọ̀sà gan-an. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi odò tó ń ṣàn wọ ọ̀sà Èkó bá dín kù, omi òkun á ráyè wọlé, iyọ̀ ọ̀sà á sì pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ àdúgbò náà kún fún ọ̀rinrin láti oṣù Ṣẹẹrẹ dé Ọ̀pẹ. Òógùn ara, tí òun náà níyọ̀ nínú, tún wá lé e.

Irin tín-ín-tìn-tín 24 ló wà nínú ihò Type-C, nínú àyè tí fífẹ̀ rẹ̀ kò pé 9mm. Mẹ́rin nínú wọn ló ń gbé iná, wọn kò sì gbọdọ̀ kan àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Omi tó mọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ń gbé e dáadáa. Bí òógùn bá dé àárín irin méjì, iná á máa jò láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, irin náà á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á dúdú tàbí kó ṣe bí àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà á rí i.

Ibi tí ewu wà ni iye iná tó wà níbẹ̀. Fóònù tó ń bọ́ ohun tó wọ ihò Type-C rẹ̀ ní fóòtì 5 àti ìdajì áńpì ń gbé wáàtì 2.5 síta. Ẹ fi wé 0.03 ti ihò roboto: ó tó ìlọ́po ọgọ́rin. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá dà sójú kan ṣoṣo tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, á jó ọwọ́, á sì yọ́ ike tó yí i ká.

Kì í ṣe gbogbo íápíìsì ẹnu pẹlẹbẹ ló rí bákan náà ṣá o. Àwọn kan ní ẹ̀rọ kékeré lẹ́nu wọn tó ń sọ dátà di ohùn; ìyẹn ń jẹ iná, ó sì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ láìsí àrùn kankan. Àwọn mìíràn kàn jẹ́ wáyà lásán tó ń gba ohùn tí fóònù ti ṣe tán. Irú èyí kò gbọdọ̀ gbóná rárá, bó bá gbóná, ihò ni kí a lọ wò. Láti ìgbà tí Apple ti yọ ihò roboto kúrò lára iPhone 7 ní 2016 ni àwọn yòókù ti ń tẹ̀ lé e, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti sọ Type-C di dandan láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 2024 fún fóònù àti íápíìsì alágbèéká tuntun tó ń gba iná nípasẹ̀ wáyà. Ihò pẹlẹbẹ yìí ló ń bọ̀ wá bá wa.

Àléébù èrò yìí wà nínú ìtọ́jú tí àwọn tó gbà á gbọ́ máa ń júwe. Wọ́n á ní ká ri fóònù mọ́ inú ìrẹsì. Ní 2024, Apple kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀, torí eérún ìrẹsì lè ba inú ẹ̀rọ jẹ́. Wọ́n á tún ní ká fi abẹ́rẹ́ họ ihò, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ ni irin tó lè so iná pọ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ. Ohun tó dára ni kí a yọ gbogbo wáyà, kí a pa fóònù, kí a dojú ihò kọlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ gbẹ, kí a tó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku jáde. Ìpẹtà tó bá ti mú irin jẹ, ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ló yẹ, pẹ̀lú sípíríìtì.

Ẹ má sì jẹ́ kí àmì IPX4 tó wà lára páálí fọkàn yín balẹ̀ jù. Omi tó mọ́, tí wọ́n ta sí i láti gbogbo ìhà, ni wọ́n fi ń dán an wò. Òógùn ẹni tó ń gbé bébà gun àtẹ̀gùn ilé ìtẹ̀wé kò sí nínú àyẹ̀wò yẹn.

“Bátìrì ni, tàbí ṣájà”

Pọ́ọ̀dù nìkan ni èrò yìí kàn, ṣùgbọ́n òun ló lè ṣe èèyàn léṣe jù. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kékeré, 30 sí 60 mAh lọ́pọ̀ ìgbà, ló wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ti inú kéèsì máa ń tó 300 sí 500 mAh. Sony ló kọ́kọ́ gbé irú bátìrì yìí wá sọ́jà ní 1991, iṣẹ́ lórí rẹ̀ ló sì mú kí Goodenough, Whittingham àti Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel ẹ̀ka kẹ́mísìrì ní 2019. Ó ń kó iná púpọ̀ pamọ́ sínú àyè kékeré. Ìwúlò rẹ̀ nìyẹn, ewu rẹ̀ náà sì nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ kí ṣáájì kọjá fóòtì 4.2, wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n máa gba iná níbi tí ooru ti ju 45°C lọ. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, inú bátìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, á mú gáàsì jáde, á sì wú. Nígbà mìíràn, ìgbóná á máa bí ìgbóná títí tí yóò fi gbiná. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì 2017, híẹ́dífóònù oníbátìrì bú gbàmù létí obìnrin kan tó sùn nínú ọkọ̀ òfurufú láti Beijing sí Melbourne. Ó jù ú sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sì da omi lé e. Àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò ìrìnnà ní Ọsirélíà ló gbé ìkìlọ̀ jáde lórí rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí kò fohùn ṣọ̀kan láàárín ara wọn. Àwọn kan ní ṣájà ńlá ló ń pa pọ́ọ̀dù. Èyí kò tọ̀nà. Ṣájà 33 wáàtì tó jẹ́ ojúlówó kì í ti iná bọ kéèsì lọ́fun. Fóòtì 5 ló máa ń gbé kalẹ̀, kéèsì á sì bu ìwọ̀nba tó fẹ́. Àwọn mìíràn dá iná NẸ́PÀ lẹ́bi, pé bó bá ṣẹ́jú tó sì padà dé pẹ̀lú agbára, ohun gbogbo tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń gbà á sára. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣájà tó dára ni ògiri tó wà láàárín iná ilé àti pọ́ọ̀dù. Ṣájà tí wọ́n fi ohun ààbò inú rẹ̀ dín owó kù lè jẹ́ kí nǹkan tó ju fóòtì 5 kọjá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú.

Àwọn kẹta ní oòrùn ni, ó sì dà bíi pé àwọn là ń fojú kéré jù. Inú ọkọ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa sínú oòrùn Èkó lóṣù Kejì tàbí Kẹta lè gbóná ju 45°C lọ fíìfíì, orí dáṣíbọ́ọ̀dù sì tún burú jù bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó gbé kéèsì síbẹ̀, tó tún fi wáyà so ó mọ́ ṣájà ọkọ̀, ti pa ohun méjì tí bátìrì kò fẹ́ pọ̀ sójú kan. Ìrọ̀rí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: kéèsì tó ń gba iná lábẹ́ ìrọ̀rí kò ríbi tú ooru rẹ̀ dà sí.

Ẹ wo ìdérí kéèsì. Bí kò bá pa mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀, bí ara rẹ̀ bá yọ gẹ́gẹ́ níbì kan, tàbí bí òórùn kan tó jọ ti ohun tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ bá ń jáde níbẹ̀, iṣẹ́ ti parí lára rẹ̀. Ẹ má tún ṣáájì ẹ̀ mọ́, ẹ gbé e sórí sìmẹ́ǹtì tó jìnnà sí fóòmù àti aṣọ.

“Ayédèrú ni, ó parí”

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, àríyànjiyàn yòókù kò nídìí. Ọjà tó ti Alaba tàbí Computer Village ní Ìkẹjà wá, tó gba ọwọ́ mẹ́ta kó tó dé orí àtẹ ní Bàrígà, ta ló mọ ibi tó ti wá? Ẹ̀rí wọn lágbára. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń ṣe ayédèrú máa ń yọ ni ẹ̀rọ kékeré tó ń dá iná dúró bí bátìrì bá kún tàbí tó bá gbóná, torí ẹni tó ń rajà kò lè rí i. Ìkejì ni irọ́ tó wà lára páálí. Kéèsì tó wọ àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n kọ 5,000 mAh sí lára, ń purọ́: bátìrì tó tó bẹ́ẹ̀ ni ti odidi fóònù, ó sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yìn rẹ̀.

Síbẹ̀, mo kórìíra bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń pa ẹnu ìwádìí dé. Ojúlówó náà ń jóná: Galaxy Note 7 tí Samsung fúnra rẹ̀ ṣe ni wọ́n kó kúrò lọ́jà ní 2016, mílíọ̀nù 2.5 ló sì wà nínú ìpè àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni íápíìsì ayédèrú tí ẹnu rẹ̀ rí roboto kò lè gbóná ju iná tí fóònù bá fún un. Ohùn rẹ̀ lè burú, wáyà rẹ̀ lè já, ṣùgbọ́n kò ní jó ẹnikẹ́ni. SON, àjọ tó ń mójú tó ojúlówó ọjà, ti ń ṣètò àyẹ̀wò SONCAP fún ọjà tó ń wọlé láti 2005, NCC ló ń fọwọ́ sí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tà á, òfin 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀ sì fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Àmì àjọ lára páálí rọrùn láti tẹ̀, pàápàá ní Ṣómólú tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbilẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á fi í sí iná níwájú wọn fún ìdajì wákàtí ní ẹ̀rí ju àmì lọ.

“Etí rẹ ló gbóná”

Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn. Inú etí wà ní nǹkan bí 36 sí 37°C, bí a bá sì dí i pa lọ́jọ́ tí ooru ìta ti dé 33°C, òógùn á gba ibẹ̀. Ẹ ti pọ́ọ̀dù bọ etí láìtan án fún ogún ìṣẹ́jú. Bí ó bá rí bákan náà lára, ara ni. Ibi tí èrò yìí ti kùnà ni ìgbà tí ẹyọ kan bá gbóná tí èkejì tutù. Lóòótọ́, nínú àwọn pọ́ọ̀dù àtijọ́, ẹyọ kan ló ń gba ohùn láti ọ̀dọ̀ fóònù tó sì ń fi ránṣẹ́ sí èkejì, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ jù díẹ̀. Ìyẹn kò tó ohun tó ń jó etí.

Ohun tí a ṣì ń jiyàn lé lórí

Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n ìgbóná tó pọ̀ jù. Láti 1947 ni Moritz àti Henriques ti fi hàn pé 44°C tó bá dúró lára awọ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà lè jó o. Ìyẹn kan ẹni tó ń fi pọ́ọ̀dù sùn mọ́jú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín 40 àti 44, bóyá ó sì yẹ kí pọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ máa kìlọ̀, tàbí kó máa pa ara rẹ̀, àwọn tó ń ṣe é kò tíì ṣe é lọ́nà kan náà.

Èkejì ni ṣáájì. Àwọn kan ní kí a dá a dúró ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún kí bátìrì lè pẹ́, gẹ́gẹ́ bí fóònù púpọ̀ ṣe ń ṣe báyìí. Àwọn mìíràn ní bátìrì 40 mAh kéré jù, pé ẹni tó bá dá a dúró níbẹ̀ á tún fi í sí iná kí ọjọ́ tó kanrí, ṣáájì lẹ́ẹ̀mejì sì ni ìgbóná lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tó yẹ kó dáhùn. Òfin fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́, ṣùgbọ́n risíìtì ṣọ̀wọ́n lójú títì, ẹni tó tà á lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la.

Èyí tó kù ni àtúnṣe. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní àwọn lè pààrọ̀ bátìrì pọ́ọ̀dù tí wọ́n bá rí i rà. Ilé-iṣẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tú u, torí irin ìjó-wáyà tó bá kan bátìrì lè dáná sí i. Ẹgbẹ́ kìíní ń rò ti owó tí oníbàárà ti ná, ẹgbẹ́ kejì ń rò ti ìka ẹni tó ń tú u, pọ́ọ̀dù tó ti kú sì wà nínú dúrọ́ọ̀ títí tí wọ́n á fi parí àríyànjiyàn náà.